Ìjàpá àti Ilẹ̀ Tí Kò Fẹ́ Mọ́

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó lẹ́yìn yẹn, ṣé oorun ni àbí ẹ̀kọ ló dí yín lọ́nà ọ̀fun? Ohùn yín kò dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ní àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dùn létí. Àlọ́ tèmi gbéra ńlẹ̀, ó ta gìẹ̀gìẹ̀, ó fò kọjá ẹ̀yìnkùlé, ó lọ balẹ̀ pọ̀ọ́ sórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo àti Àgbébọ̀ Adìyẹ, ìyá ọlọ́mọ mọ́kànlá. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló dá ìjà wọn sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa ń sọ lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Bí àkùkọ bá ti kọ, tí oòrùn ń yọ bọ̀, tí mo ń kan ilẹ̀kùn yín gbà-gbà-gbà, kí ni mo máa ń wí?

Ilẹ̀ ti mọ́!

Ó dáa. Bí Ìbídùn bá gbá àgbàlá yìí tán, tí kò ku ewé kan, tí kò ku èèpo kan, kí ni mo máa ń wí?

Ilẹ̀ mọ́!

Ẹ rí i? Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Àlàmú, má rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn, ìwọ kò tíì gbálẹ̀ rí kí n rí i wí. Inú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni Ìjàpá kó wọ̀, ó fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe ilé.

Ní ọdún kan, òjò àkọ́rọ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹranko ti ro oko wọn sílẹ̀. Àgbébọ̀ náà ti ro tirẹ̀, ó kù kí ilẹ̀ tutù dáadáa kí ó gbin àgbàdo. Ogún àgbàdo gbígbẹ ló fi pamọ́ fún irúgbìn. Ó kó wọn sínú agbọ̀n, ó so agbọ̀n kọ́ sókè ibi ìdáná, kí èéfín máa lé kòkòrò sá fún un. Agbọ̀n yìí ni gbogbo ìgbẹ́kẹ̀lé ilé náà. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó gbìn ín, ọmọ mọ́kànlá kò ní rí nǹkan fi sẹ́nu lámọ́dún. Àgbébọ̀ a máa gbójú sókè wò ó ní àìmọye ìgbà lóòjọ́.

Ìjàpá ní tirẹ̀ kò ro nǹkan kan. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n. Ọkọ́ rẹ̀ ti dípẹtà, ó ní òun ń sinmi kí òun lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò dé. Ìjàpá náà sì dé tẹ̀lé òjò.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Ìyá Ọlọ́mọ."

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá Ìjàpá. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Òjò ló ká mi mọ́nà. Ẹ jẹ́ kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ lọ́dọ̀ yín."

Àgbébọ̀ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ta ni kò mọ Ìjàpá? Òkété gbà á sílé lóṣù tó kọjá, ìgbà tí ó fi máa jáde, ògiri nìkan ló kù nínú àká Òkété. Ṣùgbọ́n ta ló máa ti àlejò padà sínú òjò? Ojú wo ni yóò fi wo ará àdúgbò? Àgbébọ̀ ronú, ó wá ké sí Àgbò, baálé àdúgbò, tó jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀ lódìkejì tó ń jẹ àpọ̀jẹ.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ wá bá mi gbọ́ ohun tí àlejò mi fẹ́ wí. Bàbá Ìjàpá, ìgbà wo lẹ ó lọ?"

Ìjàpá na ọwọ́ sókè, ó na ọrùn náà sókè.

"Èmi Ìjàpá! Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ báyìí, mi ò ní dúró ṣe nǹkan kan. Mi ò ní jókòó, mi ò ní bojú wẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ mi á ti wà lọ́nà! Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ kò bá tíì mọ́, kí ẹnikẹ́ni má lé mi o."

Àgbò gbé àpọ̀jẹ rẹ̀ mì. "Ta ni í lé àlejò nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́? Mo ti gbọ́ ọ. Èmi ni ẹlẹ́rìí."

Ọkàn Àgbébọ̀ balẹ̀. Ó sun iṣu fún àlejò, ó bu epo sí i. Ìjàpá jẹ ti ẹ̀, ó tún bá àwọn ọmọ jẹ èyí tó kù, ó sì lọ sùn.

Nígbà tí oòrùn yọ, Àgbébọ̀ kan ilẹ̀kùn. "Ẹ kú ojúmọ́ o, Bàbá. Ṣé ẹ jí ire? Ilẹ̀ ti mọ́."

Ìjàpá la ojú kan. Ó fi ìkejì pamọ́. "Ilẹ̀ wo?"

"Ilẹ̀ wo bí ti báwo? Ilẹ̀ náà. Ó ti mọ́."

"Ìyá Ọlọ́mọ, ẹ wo ẹsẹ̀ yín."

Àgbébọ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Yéè! Èèpo ẹ̀pà ló kún yàrá. Ó kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó kún àgbàlá títí dé ẹnu ọ̀nà. Kí ọ̀gbẹ́ni tó sùn ló ti bó ẹ̀pà tó kó sábẹ́ ìkarahun rẹ̀, tó ń ju èèpo síhìn-ín, tó ń jù ú sọ́hùn-ún.

"Ṣé bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ nílé tiyín nìyí?" Ìjàpá béèrè, ó sì yí ẹ̀gbẹ́ padà. "Èmi tí mo búra níwájú baálé! Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ná. Mò ń retí oúnjẹ àárọ̀ o."

Ẹ wo ìranù! Inú bí Àgbébọ̀ débi pé ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ dìde. Ṣùgbọ́n ó mú ìgbálẹ̀. Ó gbá a, ó gbá a. Bí ó bá ti gbá yàrá tán, Ìjàpá a bó ẹ̀pà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, pà! Bí ó bá gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ tán, Ìjàpá a pa èkùrọ́ ní àgbàlá, kò! Àwọn ọmọ mọ́kànlá náà kò ran ìyá wọn lọ́wọ́, nítorí ta ló ju èèpo sílẹ̀ níwájú oròmọdìyẹ tí kò ní tàn án? Wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tàn án káàkiri, inú wọn ń dùn. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ilẹ̀ kò tíì mọ́.

Ìjàpá wá jókòó sórí àpótí, ó ń mi orí, ó ń kọrin. Ẹ ó gbè é fún mi o, ẹ má jẹ́ kí n dá a kọ.

Ilẹ̀ mọ́ àbí ilẹ̀ ò mọ́?
*Fẹ́rẹ́gẹ̀dẹ̀!*
Èèpo ẹ̀pà ń bẹ nílẹ̀.
*Fẹ́rẹ́gẹ̀dẹ̀!*
Ẹ gbé tèmi wá kí n jẹ.
*Fẹ́rẹ́gẹ̀dẹ̀!*
Bó bá mọ́ mà á máa lọ.
*Fẹ́rẹ́gẹ̀dẹ̀!*

Ẹ káre. Ohùn Àlàmú ló yapa, ṣùgbọ́n a ó fara dà á.

Ní ọjọ́ kejì, Àgbébọ̀ sáré lọ pe Àgbò. Gbogbo àdúgbò tẹ̀lé Àgbò wá, Ewúrẹ́, Òkété, Pẹ́pẹ́yẹ, gbogbo wọn fẹ́ wòran. Àgbébọ̀ fẹjọ́ sùn, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àgbò yíjú sí Ìjàpá.

"Ìjàpá, kí ló dé tí o kò tíì lọ?"

"Baálé, kí ni mo wí lójú yín?"

"O ní bí ilẹ̀ bá mọ́ o ó lọ."

"Ẹ̀yin tí ẹ kì í tanni, ẹ wolẹ̀. Ṣé ó mọ́?"

Àgbò wolẹ̀. Èèpo ẹ̀pà, èèpo èkùrọ́, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé tí wọ́n fi pọ́n mọ́ínmọ́ín. Ó jẹ àpọ̀jẹ lọ títí, ojú ń tì í, ó ní, "Ká sòótọ́, ilẹ̀ yìí kò mọ́."

Pẹ́pẹ́yẹ bú sẹ́rìn-ín. Ewúrẹ́ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Àgbò ní, "Mo ti jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ yìí, n kò lè yí i padà. Ìyá Ọlọ́mọ, ẹ gbálẹ̀ yín." Ó bá tirẹ̀ lọ. Ìjàpá jó tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà.

Báyìí ni wọ́n ń ṣe é. Àgbébọ̀ ń gbálẹ̀, Ìjàpá ń da èèpo. Lójoojúmọ́ ló ń jẹ oúnjẹ àárọ̀, ó ń jẹ tọ̀sán, ó ń jẹ talẹ́, ó sì ń béèrè ìpápánu láàárín. Iṣu tán ní ọjọ́ kẹta. Ẹ̀wà tán ní ọjọ́ kẹrin. Ní ọjọ́ karùn-ún, kò ku nǹkan kan nínú ilé àfi agbọ̀n tó wà lókè ibi ìdáná.

Àlejò tó sùn nílé ẹni, ó gbọ́dọ̀ jẹun. Àgbébọ̀ sọ agbọ̀n kalẹ̀. Ó mú àgbàdo mẹ́ta, ó sè é. Ní ọ̀sán, ó mú mẹ́ta sí i. Alẹ́ lẹ́, ó mú mẹ́rin. Ogún àgbàdo wá ku mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ òjò ti rọ̀ tó, ilẹ̀ oko ti tutù, ó kàn ń dúró de irúgbìn ni. Kò lè jáde lọ gbìn ín, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá fẹsẹ̀ kan jáde báyìí, Ìjàpá á gun àpótí mú agbọ̀n.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹfà, ó jókòó ti ibi ìdáná, agbọ̀n wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń sunkún. Ẹ̀rù ń bà á. Àwọn ọmọ rẹ̀ kó jọ sábẹ́ ìyẹ́ rẹ̀. Èyí tó dàgbà jù ní, "Ìyá, bí a bá sè é tán, kí la máa gbìn?"

Ìgbà náà ni Ìjàpá pariwo láti inú yàrá. "Ìyá Ọlọ́mọ o! Oúnjẹ àárọ̀ mi ńkọ́?"

Àgbébọ̀ gbé orí sókè. Ó nu ojú rẹ̀ nù. Ó dìde jẹ́ẹ́jẹ́, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Ẹ ní oúnjẹ kí ni, Bàbá?"

"Oúnjẹ àárọ̀."

"Áà! Ṣé ilẹ̀ ti wá mọ́ ni?"

Ìjàpá fò dìde. Ó rò pé obìnrin yìí fẹ́ fi ọgbọ́n lé òun. "Rárá o! Ilẹ̀ kò tíì mọ́! Ẹ wo èèpo nílẹ̀. Kò mọ́ rárá!"

"Ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú ṣáká. Ẹ lọ pe baálé wá, kó wá wò ó."

"Kò tó ohun tí à ń pe baálé sí," ni Àgbébọ̀ wí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Mo gbà fún yín. Ilẹ̀ kò tíì mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́, ta ló ń jẹ oúnjẹ àárọ̀? Òru la wà, Bàbá. Ẹ padà sùn. Ó dàárọ̀ o."

Ó fa ilẹ̀kùn dé, ó ti igi bọ̀ ọ́ níta. Ó mú ẹní, ó fi dí fèrèsé pa. Yàrá ṣókùnkùn biribiri. Ó wá yíjú sí àwọn ọmọ rẹ̀ nínú oòrùn, ó ní, "Ẹ rọra ṣeré o. Àlejò wa ń sùn."

Ẹ ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yẹn! Ìjàpá kọ́kọ́ rò pé eré ni. Ó dúró díẹ̀. Ikùn rẹ̀ kùn. Ó kan ilẹ̀kùn.

"Ìyá Ọlọ́mọ, òùngbẹ ń gbẹ mí."

"Omi lóru? Ẹ ó tọ̀ sórí ẹní mi. Ẹ sùn."

"Mo gbọ́ tí àkùkọ ń kọ!"

"Ó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun ni. Ẹ má dá a lóhùn."

"Ooru ń mú mi! Oòrùn wà lórí òrùlé, mo mọ̀ ọ́n lára!"

"Ẹ̀yin náà, oòrùn wo ló ń yọ nígbà tí ilẹ̀ kò mọ́? Àfi kí ẹ lo egbòogi o, ibà ló ń ṣe yín."

Ní ọ̀sán gangan, Àgbébọ̀ sun iṣu kan tí Ewúrẹ́ ta á lọ́rẹ. Ó sun ún sí abẹ́ fèrèsé gan-an. Òórùn rẹ̀ gba ihò ẹní wọlé. Ìjàpá fi imú lé ihò náà.

"Iṣu sísun! Mo ń gbóòórùn iṣu sísun!"

"Àlá lẹ ń lá, Bàbá."

"Mo ń gbọ́ tí ẹ ń họ ọ́!"

"Àlá yín mà ga o. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ ó rọ́ ọ fún wa."

Ìròyìn ti kan yíká. Gbogbo àdúgbò kó wá nínú oòrùn gangan, wọ́n ń kọjá lábẹ́ fèrèsé lọ́kọ̀ọ̀kan. Òkété kọjá, ó ní, "Ó dàárọ̀ o, Bàbá Ìjàpá." Ewúrẹ́ kọjá, ó ní, "Kí Ọlọ́run jí wa ire o." Pẹ́pẹ́yẹ kò lè sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ń pa á kú lọ, ó wulẹ̀ ń hanrun ni. Ìjàpá gbọ́ ẹsẹ̀ Àgbò, ó ké gbàjarè.

"Baálé! Ẹ gbà mí o! Wọ́n fẹ́ febi pa mí!"

Àgbò dúró. Ó jẹ àpọ̀jẹ díẹ̀. Ó ní, "Ta ló ń pariwo lóru yìí? Ṣé ẹ kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn ládùúgbò yìí ni?" Ó kọjá lọ.

Ìjàpá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. "Ìyá Ọlọ́mọ, ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ jẹ́ kí n máa lọ sílé mi. Mi ò jẹun mọ́. Mo dáríjì yín."

"Kí n jẹ́ kí àlejò mi jáde lóru? Kí wọ́n wá ní mo lé yín? Ẹ̀yin lẹ búra níwájú baálé pé ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ lẹ ó lọ. Ẹ fara balẹ̀. Kò níí pẹ́ mọ́, bí a bá rí ẹni gbá a."

Nígbà tó yá, ohùn tín-ń-rín kan jáde láti abẹ́ ilẹ̀kùn.

"Ẹ fún mi ní ìgbálẹ̀."

"Ẹ ní kí ni? Mi ò gbọ́."

"MO NÍ Ẹ FÚN MI NÍ ÌGBÁLẸ̀!"

Gbogbo àdúgbò hó yèè! Àgbébọ̀ ṣí ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìgbálẹ̀ fún un, ó kúnlẹ̀ pàápàá. Ìjàpá bẹ̀rẹ̀. Ó gbá yàrá. Ó gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó dé àgbàlá, èèpo ọjọ́ márùn-ún ń dúró dè é. Òun náà ló bó o, òun náà ló dà á. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìkarahun rẹ̀ ń yọ̀ lẹ́yìn, ìgbálẹ̀ ń ṣe ṣáá, ṣáá, ṣáá. Bó bá kó èèpo jọ tán báyìí, ọmọ mọ́kànlá a ya dé, wọn a fi ẹsẹ̀ tú u ká.

"Ẹ lé àwọn ọmọ yín!"

"Ẹ má bínú, Bàbá, ọmọdé ni wọ́n. Bí wọ́n kò bá sùn lóru, bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn."

Orin ti wá yí padà. Ìjàpá kọ́ ló ń kọ ọ́ mọ́, àwọn aládùúgbò ló gbà á. Ẹ gbè é!

Ilẹ̀ mọ́ àbí ilẹ̀ ò mọ́?
*Fẹ́rẹ́gẹ̀dẹ̀!*
Èèpo kan kù lábẹ́ igi.
*Fẹ́rẹ́gẹ̀dẹ̀!*
Ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ gbá a.
*Fẹ́rẹ́gẹ̀dẹ̀!*
Bó bá mọ́ ẹ ó máa lọ.
*Fẹ́rẹ́gẹ̀dẹ̀!*

Nígbà tó gbá èyí tó kẹ́yìn, tó fi ọwọ́ ṣa ìyókù, oòrùn ti ń wọ̀. Ojú ọ̀run ti pọ́n. Àwọn ẹyẹ ń wọ igi lọ sùn. Ìjàpá ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó nàró, òógùn bò ó, ó pariwo tí gbogbo ìlú fi gbọ́.

"ILẸ̀ MỌ́ O! Ẹ wá wò ó! Ilẹ̀ ti mọ́!"

Àgbò wá, ó wolẹ̀ yíká, ó tẹ orí mọ́lẹ̀ wo abẹ́ àpótí. Ó ní, "Lóòótọ́, ilẹ̀ mọ́."

Àgbébọ̀ kúnlẹ̀ nínú ìrọ̀lẹ́ yẹn. "Ẹ kú ojúmọ́ o, Bàbá Ìjàpá. Ṣé ẹ jí ire?"

"Mo jí ire," ni Ìjàpá wí, ó ń mí hẹ̀ẹ̀, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. "Ó yá, oúnjẹ àárọ̀ mi dà?"

"Oúnjẹ kẹ̀? Ṣé ẹ fẹ́ kí n sọ yín di eke ni? Ẹ ní bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹ ò ní dúró ṣe nǹkan kan. Ẹ ò ní jókòó. Ẹ ò ní bojú wẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ yín dà lọ́nà?"

Ìjàpá la ẹnu. Ó yíjú sí Àgbò. Àgbò ní, "Èmi ni ẹlẹ́rìí." Wọ́n wá sìn ín dé oríta, Òkété ló ń ju ọwọ́ sí i jù, wọ́n ń kí i pé ó dìgbà o, kí ó tètè rìn kí oòrùn tó mú.

Òkùnkùn ti bo ilẹ̀ nígbà tó délé. Yánníbo ìyàwó rẹ̀ pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káalẹ́ o, ọkọ mi."

"Ẹ káàárọ̀ ni kí o kí mi!" Ìjàpá jágbe mọ́ ọn. "Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni! Gbé oúnjẹ àárọ̀ wá!" Yánníbo gbé fìtílà sókè wo ojú rẹ̀, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta, ó ní wèrè ti mú ọkọ òun.

Àgbébọ̀ ńkọ́? Ọjọ́ kejì gan-an ló kó ọmọ mọ́kànlá sẹ́yìn, ó kó àgbàdo mẹ́wàá tó kù, ó gbìn ín. Ó hù. Wọ́n rí i jẹ dé ìkórè mìíràn. Ṣùgbọ́n kò gbàgbé bí agbọ̀n yẹn ṣe fúyẹ́ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí náà láti ọjọ́ yẹn ni ó ti ń jí gbálẹ̀ kí ó tó dá iná, kí ẹnikẹ́ni má baà tún sọ fún un pé ilẹ̀ ilé rẹ̀ kò mọ́. Àwọn aládùúgbò rí i, wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwa náà bá a lọ́wọ́ wọn. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá mọ́, ilẹ̀ la kọ́kọ́ ń gbá, a kò tíì ní fi nǹkan kan sẹ́nu.

Ibi tí àlọ́ mi gbé mi dé nìyí, ibẹ̀ náà ni mo ti sọ̀. Bí mo bá fi irọ́ kan lú u, kí okùn ìgbálẹ̀ já mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín àgbàlá. Bí n kò bá sì purọ́, kí ilẹ̀ mọ́ bá wa ní àlàáfíà, gbogbo wa pátá.

Àṣẹ!

Àlàmú, mo rí ọ o. Èèpo ẹ̀pà wo ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ yẹn? Bí o kò bá ṣà á, ẹ̀kọ àárọ̀ rẹ di tèmi.